Sọ "Ṣíbólẹ́tì" Kí N Gbọ́

ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀
Bíbélì kíkà: Àwọn Onídàájọ́ 12:1-6, Rúùtù 2:1-17

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ báyìí, tí àwọn mìíràn ṣì ń wá bàtà ọmọ iléèwé kiri inú ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ tòní máa gùn díẹ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ. Tí ẹ ò bá ráyè, ẹ fi pamọ́ di ìrọ̀lẹ́.

Màmá kan láti Ìfọ̀ ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ wọn ọkùnrin ń kàwé ní yunifásítì kan nílùú Ọba. Ọmọ náà ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n lè rí bí òun ṣe ń ka ìwé ilé ìkàwé láti inú yàrá. Wọ́n wá rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó kọ wọ́n lóminú: Shibboleth. Ibẹ̀ ni ọmọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó lè rí ìwé kà. Màmá ní, "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí o. Orúkọ ta nìyẹn? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kó ọmọ mi wọ ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé Màmá ò jẹ̀bi. Ta ló ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jà Ìfọ̀? Kódà ọ̀pọ̀ Òyìnbó fúnra wọn, ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ ó rí i tí wọ́n á máa họrí. Mo fèsì pé, "Mà, ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú Bíbélì tó wà lórí tábìlì yín." Ó pẹ́ díẹ̀ kí èsì tó wọlé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: "Níbo?"

Ìwé Àwọn Onídàájọ́ ni, Mà, orí kejìlá.

Ká tó débẹ̀, ẹ rántí ẹni tí Jẹ́fútà jẹ́. Aṣẹ́wó ló bí i, àwọn ọmọ ìyàwó ilé sì lé e jáde pé kò ní bá àwọn pín ogún. Ó sá lọ sí ilẹ̀ Tóbù, àwọn aláìníláárí sì kó ara wọn jọ yí i ká níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Ámónì gbógun dé, àwọn àgbààgbà Gílíádì tún wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣe olórí ogun àwọn. Ó lọ, ó sì ṣẹ́gun. (Ti ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ tó kan ọmọbìnrin rẹ̀, a ti sọ ọ́ rí, mi ò ní padà síbẹ̀ lónìí.)

Ogun Ámónì ò tíì tutù tí àwọn ará Éfúráímù fi kò ó lójú. Wọ́n ní kí ló dé tí kò pe àwọn? Wọ́n ní àwọn á sun ilé mọ́ ọn lórí. Jẹ́fútà ní òun pè wọ́n, wọn ò dá òun lóhùn. Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn, àmọ́ wọ́n fi èébú kún un: wọ́n ní ìsáǹsá Éfúráímù lásán ni àwọn ará Gílíádì. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí wọ́n ti lé kúrò nílé bàbá rẹ̀ rí lẹ wá ń pe àwọn èèyàn rẹ̀ ní ìsáǹsá! Ogun bẹ́ sílẹ̀, Gílíádì sì borí. Àwọn ará Éfúráímù tó ṣẹ́ kù wá fẹ́ sọdá Jọ́dánì padà sílé, ṣùgbọ́n Gílíádì ti gba ẹnu ìwọdò. Ní báyìí, àwọn tó ń pe ẹlòmíràn ní ìsáǹsá ti di ìsáǹsá fúnra wọn. Nínú èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ kan náà gan-an ni Bíbélì lò fún èébú yẹn ní ẹsẹ kẹrin, tó tún lò fún àwọn tó ń sá bọ̀ wá sódò ní ẹsẹ karùn-ún.

Ìṣòro àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu odò rèé: báwo ni wọ́n ṣe máa dá wọn mọ̀? Kò sí káàdì ìdánimọ̀ nígbà yẹn. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń sìn. Éfúráímù àti Mánásè, ọmọ Jósẹ́fù ni àwọn méjèèjì, ìyá kan náà ló bí wọn ní Íjíbítì. Gílíádì sì jẹ́ ọmọ ọmọ Mánásè. Ọmọ ìyá ló ń lé ọmọ ìyá kiri. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi etí.

Wọ́n mọ̀ pé lápá ọ̀dọ̀ Éfúráímù, ahọ́n wọn kì í gbé ohùn "ṣ". "S" ló máa ń jáde. Torí náà, ẹni tó bá dé odò, tó sì ní òun kì í ṣe ará Éfúráímù, wọ́n á ní kó pe ọ̀rọ̀ kan: Ṣíbólẹ́tì. Tó bá ti pè é ní Síbólẹ́tì, ó parí. 42,000 ènìyàn ni Bíbélì sọ pé ó ṣubú nínú Éfúráímù lásìkò náà.

Ẹ wá ṣí Bíbélì Yorùbá yín, kí ẹ wo ẹsẹ kẹfà dáadáa. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà "s" ni gbogbo ìyàtọ̀. Tó bá wà níbẹ̀, ẹni náà yè. Tí kò bá sí, ó kú. Àwọn tó túmọ̀ ìwé yìí sí èdè Gíríìkì láyé àtijọ́ ò rí i ṣe báyìí, torí Gíríìkì ò ní ohùn "ṣ" rárá. Àwa ní méjèèjì. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ló léwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, odindi Bíbélì Yorùbá sì parí ní 1884. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1875, àwọn míṣọ́nnárì CMS ti ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ àwọn àmì abẹ́ lẹ́tà wọ̀nyí. Tí mo bá ń ka ẹsẹ yẹn, mo máa ń rò ó pé ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, tó di ìsáǹsá dé Sàró, ló jókòó tó sì ń wá bí ìsáǹsá ẹnu odò Jọ́dánì ṣe máa ṣi ọ̀rọ̀ pè ní Yorùbá.

Kí wá ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an? Kò sí ohun burúkú kankan nínú rẹ̀. Ṣírí ọkà ni. Orí ọkà tí hóró ti kún. Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà Mowe lọ sí Ọ̀fàdà lásìkò tí ìrẹsì ń gbó mọ ohun tí mò ń wí: bí orí ìrẹsì ṣe máa ń wúwo, tí á tẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn èèyàn á máa lé ẹyẹ kúrò lórí rẹ̀. Ṣíbólẹ́tì nìyẹn. Ṣírí méje tó yọmọ àti méje tó gbẹ tí Fáráò rí lójú àlá nínú Jẹ́nẹ́sísì 41, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni. Hébérù tún ń lò ó fún ìṣàn omi tó lágbára; ẹ máa bá a nínú Sáàmù 69, níbi tí onísáàmù ti ń ké pé omi fẹ́ gbé òun lọ. Àwọn kan rò pé torí pé ẹsẹ̀ wọn wà nínú odò lọ́jọ́ náà ni wọ́n ṣe mú ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ omi.

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ lójú tèmi, kò já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tó bá ti ní "ṣ" ì bá ti ṣe é. Wọ́n lè ní kó sọ "iṣu". Wọn kò wá ìtumọ̀. Wọn kò bi ẹni náà bóyá ó dá sí ìjà, bóyá ó wà lára àwọn tó sọ pé àwọn á sunlé, bóyá ó ní ọmọ nílé. Bí ahọ́n rẹ̀ ṣe lu àjà ẹnu ni wọ́n ń tẹ́tí sí.

Nígbà tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bó ṣe wà, torí tí wọ́n bá kọ "ṣírí ọkà" síbẹ̀, ìtàn náà ò ní yé ẹnikẹ́ni. Ó wà bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì Ọba James tó jáde ní 1611. Ibẹ̀ ló gbà bọ́ sẹ́nu aráyé. John Milton, akéwì wọn, lò ó nínú Samson Agonistes, ewì tó kọ lórí Sámúsìnì, ní 1671. Tí Òyìnbó bá wá pe nǹkan ní shibboleth lónìí, ó lè jẹ́ ọ̀nà tí èèyàn ń gbà pe ọ̀rọ̀ tó ń tú àṣírí ibi tó ti wá. Ó lè jẹ́ ìwọṣọ tàbí ìṣesí tí a fi ń mọ̀ pé tiwa nìyí, tiwọn nìyẹn. Wọ́n tún máa ń lò ó, pàápàá nínú ìwé ìròyìn, fún ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ kan ti sọ títí tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ bóyá òótọ́ ṣì ni, ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá bá wọn sọ ọ́, wọn ò ní kà yín mọ́ ara wọn. Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà ọmọ Màmá ní tirẹ̀, ètò kan ni tó ń dá akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ kó tó wọlé. Àwọn tó ṣe é ló fi orúkọ ẹnu odò sọ ọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ìwé ni wọ́n ní kó wá kà.

Àmọ́ o, ti ẹnu odò gan-an ò tíì tán láyé. Ní 1937, ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic, olórí wọn, Rafael Trujillo, ní kí wọ́n pa àwọn ọmọ Haiti tó ń gbé lẹ́bàá ààlà. Wọ́n ti jọ ń gbé, wọ́n ti jọ ń ṣòwò, wọ́n ti ń fẹ́ ara wọn. Kò rọrùn láti fojú yà wọ́n. Ìtàn tí wọ́n ń sọ títí dòní ni pé àwọn sójà á na ewé ọbẹ̀ kan sókè, wọ́n á ní, "Kí lorúkọ èyí?" Perejil lorúkọ rẹ̀ lédè Spain, "r" àárín rẹ̀ kì í sì í rọ ọmọ Haiti lẹ́nu. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú. Ewé ọbẹ̀ lásán ni, bí ẹní na tẹ̀tẹ̀ tàbí efinrin sókè lọ́jà. Ti ìṣáájú, ṣírí ọkà. Ti èyí, ewé ọbẹ̀. Oúnjẹ ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Àwa tí à ń gbé Mowe àti Ibafo, ta ni kì í ṣe ìsáǹsá nínú wa? Owó ilé Èkó ló lé ẹlòmíràn wá. Ilẹ̀ tí owó rẹ̀ ò wọ́n tó ti Èkó ló fa ẹlòmíràn. Ẹ wọ ọkọ̀ akérò kan láti Ibafo sí Mowe, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ máa gbọ́: Ẹ̀gbá ń bẹ níbẹ̀, Ìjẹ̀bú ń bẹ, Ìgbò, Urhobo, Ègùn. Ará Èkìtì á ní òun ń lọ "ulé". Ará Ìbàdàn á ní kí kọndọ́kítọ̀ fún òun ní "sénjì" òun. Gbogbo ọkọ̀ á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe gbogbo yín, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn àgbà yín ni "ṣ" kì í jáde lẹ́nu wọn. Ẹ kó wọn lọ sẹ́nu odò Jọ́dánì, ó tán! A sì máa ń fi wọ́n ṣàwàdà: "isu", "sénjì", "sọ́ọ̀sì". Ṣùgbọ́n ẹ bá mi yẹ "ṣọ́ọ̀ṣì" yìí wò. Church ni Òyìnbó pè é. Yorùbá ò ní ohùn tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, a bá fi "ṣ" dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni change ṣe di "ṣéńjì", tí teacher fi di "tíṣà". Ká ní Òyìnbó dúró sẹ́nu odò kan lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún pé "sọ church kí n gbọ́", kò sí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa tó máa kọjá. Ẹni tó ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń fi ẹni tó pè é ní sọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, odò kan náà sì ni ì bá gbé àwọn méjèèjì lọ.

Mo mọ arákùnrin kan tó ń wá yàrá kan ní Mowe lọ́dún tó kọjá. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́. Ó pe ẹni tó ń bá wọn wá ayálégbé. Kò tíì sọ tó gbólóhùn mẹ́ta tí ọkùnrin náà fi ní wọ́n ti gba yàrá yẹn láàárọ̀. Mo gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Yàrá ṣì wà. Ó tiẹ̀ ní kí n tètè máa bọ̀, kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Ẹnikẹ́ni ò béèrè bóyá arákùnrin yìí ní owó lọ́wọ́, bóyá ó níṣẹ́, bóyá ó máa ń bá ará ilé jà. Etí nìkan ló ṣiṣẹ́.

Ìyẹn ti ìta. Ti inú ilé Ọlọ́run ló dùn mí jù, torí mo wà lára àwọn tó jẹ gbèsè níbẹ̀.

Màmá kan wà ní ìjọ wa ní Ibafo, ọmọ Ìbàdàn. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó mọ̀wé kà. Kíláàsì àgbà tí a máa ń ṣe lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n ti kọ́ ọ, ABD látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú léèdì lọ́wọ́ bí ọmọ kékeré. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ka ẹsẹ Bíbélì kan fúnra wọn, wọ́n sunkún, àwa náà sunkún. Nígbà tó yá, a fi wọ́n sínú àwọn tó ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n á ti ka ibẹ̀ lákàtúnkà nílé láti ọjọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́ kan, Sáàmù 51 ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀: Dáfídì ń bẹ Ọlọ́run pé kó wẹ òun mọ́ kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ òun. Màmá pè é bí Ìbàdàn ṣe ń pè é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín àwọn akọrin sọ wẹ́lẹ́ pé, "Ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ wẹ̀ o." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó gba àárín ìjọ kọjá. Sáàmù yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ kún inú rẹ̀. Kò sí bí Màmá ṣe lè fò ó. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún kàn án ni ẹ̀rín ń pọ̀ sí i. Wọ́n kà á parí. Wọ́n pa Bíbélì dé, wọ́n lọ jókòó.

Láti ọjọ́ náà, tí a bá ní kí wọ́n kàwé, wọ́n á ní jígí àwọn ò dára. Ọdún méjì gbáko ni jígí yẹn ò fi dára.

Ẹ̀yin ará, nílé àlùfáà àgbà, Pétérù ń yá iná ní tirẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn tó dúró níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti tú u fó pé ará ibẹ̀ ni, nínú Mátíù 26:73. Èdè Gálílì ló fẹ́ kó bá a. Nígbà tó sì di ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ohun tó kọ́kọ́ ya àwọn èrò lẹ́nu nínú Ìṣe 2 ni pé ará Gálílì ni gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ẹ̀mí Mímọ́ ò kọ́kọ́ tún ohùn wọn ṣe kí àwọn èèyàn Jerúsálẹ́mù má baà mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n àwa ní ìjọ wa, a ti ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò mọ iye ìgbà tí a ń dáhùn "Halelúyà", a ó yíjú wò ó. Ẹni tó bá gbàdúrà tí kò fi ohùn kan báyìí gbà á, a ó ní kò tíì gbóná. Èmi náà máa ń ṣe é.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ka Rúùtù 2 mọ́ ọn rèé. Nínú Bíbélì wa, ìwé Rúùtù ló tẹ̀ lé ìwé Àwọn Onídàájọ́, ẹsẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ sì sọ pé ayé àwọn onídàájọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Náómì padà dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìkórè ọkà báálì. Ọkọ kú, ọmọ méjì kú, ìyàwó ọmọ rẹ̀ nìkan ló tẹ̀ lé e. Kò sí oúnjẹ nílé. Rúùtù ní kó jẹ́ kí òun lọ sóko, kí òun lọ máa pèéṣẹ́ ṣírí ọkà lẹ́yìn ẹni tó bá ṣojú rere sí òun. Ọ̀rọ̀ tí Hébérù lò fún ṣírí ọkà níbẹ̀, òun náà ni. Ṣíbólẹ́tì. Tó bá ti pọ̀, Ṣíbólímù ni wọ́n ń pè é.

Ẹ wá bá mi wò ó. Ará Móábù ni Rúùtù. Diutarónómì 23 ní ará Móábù ò gbọdọ̀ wọ ìjọ Olúwa, títí dé ìran kẹwàá. Tí ẹnì kan bá wà tó yẹ kí wọ́n dá dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ kí àwọn gbọ́, òun ni. Kò sì fara pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí Bóásì ṣe dé oko tó ní ọmọ ta nìyí, ohun tí alábòójútó kọ́kọ́ sọ ni pé ọmọbìnrin ará Móábù tó bá Náómì bọ̀ ni.

Bóásì gbọ́. Ó wá sọ fún Rúùtù pé kó má lọ sí oko ẹlòmíràn. Ó ní òun ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin òun kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ó ní tí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kó lọ mu nínú omi tí wọ́n pọn. Lásìkò oúnjẹ, ó pè é wá jókòó, ó bu ọkà yíyan fún un, Rúùtù jẹ, ó yó, ó tún ṣẹ́ kù. Nígbà tó dìde láti padà sẹ́nu iṣẹ́, Bóásì ní kí wọ́n dìídì máa yọ díẹ̀ sílẹ̀ fún un láti inú ìtí, kí wọ́n má sì bá a wí. Òfin tiẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nínú Léfítíkù 19, pé ẹni tó bá ń kórè kò gbọdọ̀ kórè dé igun oko rẹ̀, pé ti tálákà àti àjèjì ni ohun tó bá ṣẹ́ kù. Àwọn ará Gílíádì náà ní òfin yẹn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ohun tí Rúùtù pa nínú ṣírí wọ̀nyẹn tó òṣùwọ̀n éfà kan, ó tó ike ọ̀dà ńlá kan.

Ọmọ ìyá dé odò, wọ́n fi Ṣíbólẹ́tì pa á. Àjèjì dé oko, wọ́n fi Ṣíbólẹ́tì bọ́ ọ. Ayé ìgbà kan náà ni, àárín àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kan náà ni.

Rúùtù yìí ló bí Óbédì, Óbédì bí Jésè, Jésè bí Dáfídì. Dáfídì ọmọ ọmọ ọmọ àjèjì yìí ni orúkọ rẹ̀ wà lórí Sáàmù 51 tí a fi rẹ́rìn-ín Màmá.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi lọ kí Màmá nílé wọn. Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní wàá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ ni, pé lọ́jọ́ Sáàmù 51 yẹn, èmi náà rẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí lókè pẹpẹ, mo kàn fi ìwé orin bojú ni.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Mo rí ìwé orin tó ń gbọ̀n."

A dákẹ́ títí. Wọ́n gbé omi wá fún wa. Mo wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Wọ́n ò dáhùn. Wọ́n béèrè pé níbo ni. Mo ní Rúùtù, orí kejì. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé Bíbélì jáde, wọ́n sì yọ jígí wọn nínú àpò. Jígí ò fọ́, kò sì bàjẹ́. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé e, wọ́n ń kà á sínú. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ kejì, wọ́n dúró, wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Alàgbà, ẹ wò ó o. Sírí ni n ó pè é."

Mo ní, "Ẹ pè é bẹ́ẹ̀, Mà."

Ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ mú Bíbélì Yorùbá dání.